Ọmọ mi fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n dókítà ọkàn: ìdáhùn fún bàbá kan ní Ìkìrun

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ̀wé sí mi láti Ìkìrun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí house job, ọdún àkọ́kọ́ tí dókítà tuntun fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, ó ń dúró de ìwé ìpè àgùnbánirọ̀. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ di dókítà ọkàn, pàápàá ti iṣan tó ń bọ́ ọkàn, àti pé yunifásítì lòun ti fẹ́ ṣe é, títí òun yóò fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá wá béèrè pé: "Kí ni ìyàtọ̀ láàrin èyí àti dókítà tó ń wo aláìsàn, tó sì ń gba owó rẹ̀? Ọdún mélòó ni yóò gbà á? Wọ́n sọ fún mi pé àrùn òyìnbó ni àrùn yẹn, kí ló dé tí kò mú ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń pa wá? Ṣé dandan ni kó lọ sókè òkun? Obìnrin sì ni, ìgbà wo ni yóò ráyè ilé?"

Bàbá, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ìbéèrè yín pọ̀, mi ò sì ní dáhùn wọn bí ẹ ṣe tò wọ́n, torí pé ti àkọ́kọ́ ló gbé gbogbo ìyókù dání.

Dókítà tó ń wo aláìsàn ń wá ìwòsàn fún ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. Ẹni tí ọmọ yín fẹ́ dà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí aláìsàn bá ti lọ tán, ó kù kí ó bi ara rẹ̀ pé: ohun tí mo ṣe fún ẹni yìí, ṣé òun ló wò ó sàn, àbí ara rẹ̀ ì bá yá bí mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án? Ẹnì kan ṣoṣo kò lè fún un ní èsì. Ó di kí ó wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kí ó wá owó, kí ó wá àwọn ẹlẹgbẹ́ ní ilẹ̀ mìíràn, kí ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí èsì bá dé, ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló jẹ̀bi. Apá kejì iṣẹ́ yìí ló ń jẹ́ kó pẹ́, òun náà ló sì ń jẹ́ kó dùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí a ń wò. Ọkàn ń tú ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara, ṣùgbọ́n kì í fi ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bọ́ ara rẹ̀. Iṣan méjì ló yọ lára òpó ńlá tó ti inú ọkàn jáde, wọ́n padà wá gba orí ọkàn kọjá, wọ́n sì ń bọ́ ẹran ara rẹ̀. Ọ̀kan gba ọ̀tún, èkejì gba òsì, kò sì pẹ́ tí ti òsì fi pín sí méjì. Wọn kò fẹ̀: mìlímítà 3 tàbí 4 ni ihò wọn. Ọ̀rá á máa kó jọ sínú ògiri wọn láti ìgbà ọ̀dọ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí ògiri náà bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì sójú ibẹ̀, ọ̀nà á dí, ẹran ọkàn tí iṣan náà ń bọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí wákàtí kan tó pé. Ìyẹn ni háàtì àtáàkì. Ta ni yóò ṣẹlẹ̀ sí, báwo la ṣe máa ṣí i kíákíá, kí la máa ṣe kó má tún ṣẹlẹ̀: ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ka wa ń yí po.

Ó máa yé yín ju bẹ́ẹ̀ lọ bí mo bá fi àwọn tó ti rin ọ̀nà náà hàn yín.

Andreas Grüntzig ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Dresden ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1939. Ó kọ́ ìṣègùn ní Heidelberg, ó sì bọ́ sí Zurich ní Switzerland ní 1969. Nígbà yẹn, Charles Dotter ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ti fi hàn láti 1964 pé èèyàn lè ti rọ́bà gba inú iṣan ẹsẹ̀ tó dí, kí ẹ̀jẹ̀ sì tún máa ṣàn láì fi ọ̀bẹ ya ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà Amẹ́ríkà ò ka ọ̀rọ̀ Dotter sí. Grüntzig kà á sí. Ohun tó rò ni pé, dípò kí wọ́n máa fi rọ́bà tó nípọn tẹ̀ lé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ló dé tí kò ní sí bálúùnù kékeré lórí rọ́bà náà, tí wọn yóò fẹ̀ nígbà tó bá dé ojú ibi tó há, tí wọn yóò sì tún fún un kí wọ́n tó fà á jáde?

Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú bálúùnù bẹ́ẹ̀ fún un. Ọ̀sán ló fi ń wo aláìsàn. Alẹ́ ló fi ń gé ike, tó ń lẹ̀ ẹ́, tó ń fẹ̀ ẹ́ wò lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Maria Schlumpf tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ àti ọkọ Maria. Ìṣòro tó le jù ni pé bálúùnù tó rọ̀ máa ń wú sí ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á kàn fi ibi tó há sílẹ̀. Ó di kí wọ́n wá ike tó máa wú débi tí wọ́n fẹ́, kó sì kọ̀ láti wú kọjá ibẹ̀. Ní 1974 ó lò ó fún iṣan ẹsẹ̀. Ní 1976 ó gbé èsì iṣẹ́ tó ṣe lórí ajá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onímọ̀ ọkàn ní Miami, ó lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọjá sì ń mi orí pé kò lè ṣeé ṣe lára èèyàn.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1977 ló ṣe é fún ọkùnrin ẹni ọdún 38 kan ní Zurich. Ojú ọkùnrin náà là sílẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bálúùnù wú lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà ṣí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà wọ́n tún yàwòrán iṣan yẹn, ó ṣì wà ní ṣíṣí. Ní oṣù kejì 1978, Grüntzig kọ lẹ́tà kúkúrú sí Lancet, jọ́nà tí àwọn oníṣègùn ti ń tẹ ìwádìí wọn jáde, nípa èèyàn márùn-ún àkọ́kọ́.

Bàbá, bálúùnù nìkan kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ láyé. Ohun tó sọ ọkùnrin yìí di olùkọ́ ni pé ó kọ orúkọ gbogbo aláìsàn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ lé wọn lọ́dọọdún, ó sì ń ka iye tí kò yọrí sí rere síta pẹ̀lú iye tó yọrí. Ó pe àwọn dókítà láti gbogbo ayé wá sí Zurich, ó ṣiṣẹ́ níṣojú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wò ó bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ àti ibi tó ti ń há mọ́ ọn. Èmi kò rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa láyà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ibùsùn tí wọ́n fún un ní Zurich kò tó, ó lọ sí yunifásítì Emory ní Atlanta ní 1980. Ní oṣù kẹwàá 1985, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí òun fúnra rẹ̀ ń wà já ní Georgia, òun àti ìyàwó rẹ̀ kejì kú sínú rẹ̀. Ẹni ọdún 46 ni.

Àwọn tó ṣẹ́kù ní Emory ló wá béèrè ìbéèrè tó yẹ: bálúùnù yìí, ṣé ó tó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń so iṣan mìíràn kọjá ibi tó dí? Wọ́n ṣẹ́ kèké fún aláìsàn 392 láti 1987, àwọn kan bọ́ sí bálúùnù, àwọn kan bọ́ sí iṣẹ́ abẹ. Èsì jáde ní 1994: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, iye tó kú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbálúùnù padà wá fún àtúnṣe ju àwọn oníṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Nínú ilé tí Grüntzig ti kọ́ wọn ni wọ́n ti dán iṣẹ́ Grüntzig wò.

Kèké yẹn, òun ni pàtàkì ohun tí wọn yóò kọ́ ọmọ yín. Bí dókítà bá fi ojú ara rẹ̀ yan ẹni tó máa lo oògùn tuntun, kò ní mọ̀ tó fi máa yan àwọn tó lágbára, yóò sì wá máa yìn oògùn fún ohun tí agbára ara wọn ṣe. Kèké ò mọ ẹni tó lágbára, kò mọ olówó, kò mọ ọmọ ọba.

Iṣẹ́ oníkèké tó tóbi jù tí mo máa ń fi kọ́ni ni èyí tí wọ́n ń pè ní ISIS-2, tí àwọn ará Oxford ṣe, tó jáde ní 1988. Aláìsàn 17,187 tí wọ́n fura sí háàtì àtáàkì lára wọn ló wọ inú rẹ̀. Àwọn kan gba áspírìn fún oṣù kan, àwọn kan gba streptokinase tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn ìyókù gba oògùn òfìfo. Láàrin ọ̀sẹ̀ márùn-ún, áspírìn nìkan dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún, streptokinase dín in kù ní ìdá 25, àwọn tó gba méjèèjì sì jèrè ìdá 42. Áspírìn tí ẹ lè rà ní kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé yín! Kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa fi irú èrè bẹ́ẹ̀ di olówó, ìdí nìyẹn tí ó fi gba àwọn èèyàn yunifásítì láti wádìí rẹ̀. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí èyí bẹ̀rẹ̀ sí í lo áspírìn lójoojúmọ́ fúnra yín. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ikùn àti nínú ọpọlọ, ẹni tí kò tíì ní àrùn ọkàn lè fi pàdánù ju ohun tó máa jèrè. Ẹ bi dókítà yín.)

Ohun kan tún wà nínú ISIS-2 tí mo fẹ́ràn gidi. Jọ́nà tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní kí àwọn olùwádìí pín èsì náà sí wẹ́wẹ́: ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, ti àgbà lọ́tọ̀. Àwọn olùwádìí gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé àwọn náà fẹ́ pín in gẹ́gẹ́ bí ìràwọ̀ tí wọ́n bí aláìsàn sí. Èsì ni pé áspírìn kò ṣe àwọn tí wọ́n bí sábẹ́ ìràwọ̀ Gemini àti Libra láǹfààní kankan! Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i pé bí èèyàn bá pín òtítọ́ sí wẹ́wẹ́ jù, irọ́ ló máa bá pàdé. Tí ọmọ yín bá rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá sọ èyí fún un, ó ti bá iṣẹ́ yìí mu.

Ẹ̀yìn bálúùnù ni stẹ́ǹtì dé, wáyà wíwun kékeré tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú iṣan kó má baà tún há. Fún ẹni tí háàtì àtáàkì mú lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sí àríyànjiyàn: ṣíṣí iṣan kíákíá ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà ń dùn nígbà tó bá gun òkè, tí kò burú sí i fún oṣù mélòó kan, ṣé stẹ́ǹtì yóò dá ikú dúró fún un? Gbogbo wa gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Owó tó ti wọlé lórí ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Ní 2007 ìwádìí COURAGE, lórí aláìsàn 2,287, sọ pé rárá, oògùn tó péye ń ṣe bákan náà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bínú, wọ́n wá àlèébù sí i. Judith Hochman, obìnrin tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì New York, wá léwájú ìwádìí ISCHEMIA, aláìsàn 5,179 ní orílẹ̀-èdè 37. Èsì rẹ̀ jáde ní ìparí 2019: kíkó aláìsàn tí ara rẹ̀ balẹ̀ lọ sí ìdí stẹ́ǹtì tàbí iṣẹ́ abẹ kò dín ikú kù ju oògùn lọ, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ẹni tí àyà ń dùn gan-an rí ìtura. Bàbá, ẹ wo irú èèyàn tó ń lo ọdún tó tó bẹ́ẹ̀ láti mọ̀ bóyá ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń jẹun ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí ẹ béèrè nìyẹn.

Ẹ ti ń bi mí nínú ọkàn yín pé kí ló máa ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún kílíníìkì, ọjọ́ kan tàbí méjì nínú yàrá tí wọ́n ti ń ti rọ́bà gba ọwọ́ tàbí itan wọ ọkàn lábẹ́ X-ray, wọ́ọ̀dù pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn, ìpè òru. Ìyókù ìwé kíkọ ni: ìwé ìbéèrè owó ìwádìí tí wọ́n máa kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n tó gbà á lẹ́ẹ̀kan, ìwé sí ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo aláìsàn tó wọ inú ìwádìí, kíka iṣẹ́ ẹlòmíràn fún jọ́nà láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn jíjókòó ti ìwé kò ní pẹ́ níbẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ti wù kó dá múṣémúṣé tó.

Ọ̀rọ̀ ọdún wá kàn. Ó ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ìṣègùn, ó fi ọdún kan ṣe house job, ó máa fi ọdún kan sin ilẹ̀ baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ṣe Primary, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀kọ́ dókítà àgbà, yálà ti National Postgraduate Medical College tàbí ti West African College of Physicians, kó tó di rẹ́sídẹ́ǹtì, dókítà tó ń kọ́ ẹ̀ka kan lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún bíi márùn-ún sí mẹ́fà ló ń gbà láti ibẹ̀ dé Part Two, ìdánwò tó kẹ́yìn, ìwé ìwádìí tirẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n máa fi dán an wò. Nígbà náà ni yóò di kọnsọ́tántì, dókítà àgbà lẹ́ka rẹ̀, yunifásítì sì lè gbà á gẹ́gẹ́ bíi Lecturer One. Láti ibẹ̀ dé ọ̀jọ̀gbọ́n, bí àpilẹ̀kọ ìwádìí rẹ̀ bá pé, tí ìyanṣẹ́lódì kò bá gba ọdún lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni. Bí ó bá jẹ́ ẹni ọdún 25 báyìí, ó lè máa lọ sí 43 kí ẹ tó pè é ní bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, ìyá ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta fún ìṣègùn inú, mẹ́ta fún ọkàn, ọ̀kan sí i fún bálúùnù àti stẹ́ǹtì, lẹ́yìn USMLE, ìdánwò àṣẹ ìṣègùn wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ti yunifásítì sábà máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ fún PhD láàrin rẹ̀.

Ẹni tó sọ fún yín pé àrùn òyìnbó ni kò purọ́ pátápátá. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn tó ń yẹ òkú wò ní UCH Ìbàdàn kì í sábà rí ọkàn tí iṣan rẹ̀ dí bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Kódà nínú ìwádìí THESUS-HF tó jáde ní 2012, tó wo aláìsàn 1,006 tí ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, iṣan dídí kò fa ju ìdá 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ìdá 45. Nítorí náà ẹ kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Salim Yusuf. Kerala ní Íńdíà ni wọ́n bí i sí, Bangalore ló ti kọ́ ìṣègùn, ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Rhodes lọ sí Oxford, ó sì wà lára àwọn tó dá àwọn ìwádìí ISIS sílẹ̀. Nígbà tó dé yunifásítì McMaster ní Kánádà, ohun tó dùn ún ni pé ara òyìnbó nìkan ni gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa háàtì àtáàkì ti wá. Ó kó àwọn olùwádìí jọ ní orílẹ̀-èdè 52, wọ́n fi àwọn tó ju 15,000 lọ tí háàtì àtáàkì kọ́kọ́ mú wé àwọn tí kò mú, tí iye wọn sún mọ́ tiwọn. INTERHEART lorúkọ rẹ̀, 2004 ló jáde. Nǹkan mẹ́sàn-án ló dá ọ̀pọ̀ jù nínú ewu náà sílẹ̀, ní gbogbo ilẹ̀, lára gbogbo àwọ̀: sìgá, ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn tó yọ, ìdààmú ọkàn, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó, àìlo ara, àti ọ̀rọ̀ ọtí. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ní kó mú wà nínú rẹ̀, àtọ̀gbẹ wà nínú rẹ̀. Ilé kan náà ni, ẹnu ọ̀nà ló yàtọ̀. Ikùn tó ń yọ ní Òṣogbo àti Ìkẹjà lónìí kò sí níbẹ̀ ní 1960.

Mo tún ní ìfura kan, ìfura tèmi ni. Níbi tí kò ti sí ECG, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán bí ọkàn ṣe ń lù, ní òru, tí kò ti sí yàrá tí wọ́n ti lè yàwòrán iṣan ọkàn, ẹni tó bá ṣubú lulẹ̀ lójijì, "wọ́n ṣe é" ni wọ́n máa sọ, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A kì í ka ohun tí a kò wò. Ẹni tó máa kà á fún wa láti Ọ̀ṣun dé Òkè-Ògùn, mi ò tíì rí i. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ọmọ yín.

Ṣé dandan ni òkè òkun? Bí ó bá jẹ́ ti dídi ọ̀jọ̀gbọ́n, kì í ṣe dandan. Ayodele Falase, onímọ̀ ọkàn ní UCH, di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì di gíwá yunifásítì Ìbàdàn. Dike Ojji ní yunifásítì Àbújá léwájú ìwádìí CREOLE tó jáde ní 2019 nínú jọ́nà tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà: aláìsàn 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a máa so pọ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Èsì náà wúlò ní Ìkìrun ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Boston lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni ọmọ yín fẹ́ fi ṣí iṣan, ó gbọ́dọ̀ lọ síbi tí aláìsàn ti pọ̀ tó láti fi kọ́ ọwọ́. Yàrá irú iṣẹ́ yìí ò tíì pọ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n ń ṣe é ní Èkó, wọ́n ń ṣe é ní ilé-ìwòsàn yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n aláìsàn tó máa san owó stẹ́ǹtì láti inú àpò ara rẹ̀ kò pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í rí tó. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó ṣe Primary níbí, kó wọ rẹ́sídẹ́ǹsì níbí ó kéré tán títí yóò fi ṣe Part One, ìdánwò àárín, kó mọ aláìsàn ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kó tó lọ fún ọdún kan tàbí méjì tó dájú ohun tó fẹ́ kọ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa sọ fún un pé kó japa lónìí. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá lọ ní kékeré máa kọ́ ìṣègùn dáadáa, àmọ́ ìbéèrè ilẹ̀ ibẹ̀ ló máa gbà sọ́kàn.

Ní ti pé obìnrin ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láì bò ó: ọdún rẹ́sídẹ́ǹsì ni ọdún ọmọ bíbí, àwọn méjèèjì kì í sún fún ara wọn. Ọkọ tó máa fẹ́ ṣe pàtàkì ju yunifásítì tó máa wọ̀ lọ. Nínú yàrá X-ray, aṣọ òjé wà tí wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì ń wọn iye tó ń bá ara. Aboyún lè yà kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó sì padà, ọ̀gá tó bá fi èyí fìyà jẹ ẹ́ kì í ṣe ọ̀gá. Nina Braunwald jẹ́ obìnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní Amẹ́ríkà nígbà tí kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Ní 1960 ó fi ilẹ̀kùn ọkàn tí òun fúnra rẹ̀ ṣe pààrọ̀ ti aláìsàn. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí. Ọkọ rẹ̀, Eugene Braunwald, tó sá kúrò ní Vienna pẹ̀lú òbí rẹ̀ ní ọmọdé nígbà tí Hitler wọlé, ló wá di ẹni tí àwa onímọ̀ iṣan ọkàn ń pè ní bàbá.

Àwọn obìnrin tó sì wà nínú iṣẹ́ yìí ló rí ohun tí ọkùnrin kò rí. Nanette Wenger ní Emory ló ń pariwo láti ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn ìwádìí ọkàn ti fi obìnrin sílẹ̀, pé àyà dídùn obìnrin ni wọ́n ń pè ní àníyàn, tí wọ́n sì ń dá a padà sílé. Ní 1993 ó kọ ọ́ jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ débi tí kò sẹ́ni tó lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ibi tó dọ̀tí náà wà. Owó ọ̀jọ̀gbọ́n kò tó ti ẹni tó ṣí ilé-ìwòsàn tirẹ̀, kò sì ní tó láéláé. Ìgbéga so mọ́ iye àpilẹ̀kọ, èyí sì ń ti àwọn kan sínú irọ́. Nínú yàrá ìwádìí Braunwald fúnra rẹ̀ ní Harvard, ní 1981, wọ́n ká ọ̀dọ́ olùwádìí kan tó mọṣẹ́ gan-an mọ́ ibi tó ti ń hùmọ̀ èsì ìwádìí. Ó ju àpilẹ̀kọ mẹ́wàá lọ tí wọ́n fà sẹ́yìn. Ọ̀gá ńlá wà lókè, ojú rẹ̀ kò tó ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí wọ́n wá ọ̀gá tó máa jókòó tì wọ́n wo àkọsílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ ròkè.

Ohun tí ọmọ yín lè ṣe kó tó wọ aṣọ àgùnbánirọ̀ kò pọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé Primary. Kó kọ́ ìṣirò tí wọ́n fi ń wo èsì ìwádìí, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kó má sì fi sílẹ̀ fún onímọ̀ ìṣirò nìkan. Bí wọ́n bá rán an sí ilé-ìwòsàn abúlé, kó ra ìwé ńlá kan, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bóyá wọ́n á gbà á láyè láti kọ gbogbo ẹni tó bá wá pẹ̀lú àyà dídùn sílẹ̀: ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀, láì kọ orúkọ. Nígbà tó bá ń wá ọ̀gá tó máa kọ́ ọ, kó bi í pé mélòó nínú àwọn tó ti kọ́ ló ti di kọnsọ́tántì, níbo ni wọ́n wà, kó sì lọ bá méjì nínú wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti ní ìbéèrè kan tó ń dùn ún, kó kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á, màá sì kọ èsì síbi tí kò bá yé mi.